Ike Kìíní Tí Kò Dín

Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2013

Aláìsàn mọ́kànlá lónìí. Mẹ́wàá, làpálàpá àti kúrúnà, kò sí ohun tuntun. Ìkọkànlá kò gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì mi. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi ní yàrá àyẹ̀wò Ìkòtún yìí ló ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, títí kíkùn ibẹ̀ fi bó. Eléyìí kó apá méjèèjì sábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Mo ti mọ ibi tí màá kọ́kọ́ wò.

Hamdalah ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Onídìrí ni, lọ́jà Igando. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, orúnkún méjèèjì: awọ nípọn, ó pupa nísàlẹ̀, ìpẹ́ funfun bò ó lórí bíi ti ẹja. Ọdún mẹ́ta. Ó ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó ti fi omi bátìrì pa á (ìyẹn dá ọgbẹ́ sí i), ó sì ti ra nǹkan kan nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ń tà á ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, àìróorunsùn àti àìríṣẹ́.

Soráyásísì ni. N kò ṣiyèméjì.

Mo ṣàlàyé. Awọ ara tiwa máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Awọ tirẹ̀ ń kánjú: ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ayálégbé tuntun ti kó ẹrù dé kí ti àtijọ́ tó kó jáde, gbogbo wọn wá há sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í ràn: èèyàn kì í kó o lára ẹni, kì í kó o nínú aṣọ, kì í kó o nínú irun. Kò sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n a lè mú un rọlẹ̀.

Ó fetí sí gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Dókítà, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Màmá Promise."

Màmá Promise ló ni àtíbàbà tó ń lò. Òun ń ta àtáṣímẹ́ǹtì àti ìpara níwájú, Hamdalah ń dirun lẹ́yìn. N kò rò ó rí títí dòní: iṣẹ́ ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ni iṣẹ́ onídìrí. Orí oníbàárà wà láàárín orúnkún méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́ ń lọ ó ń bọ̀ lókè etí rẹ̀. Ìpẹ́ ń já sínú irun onírun. Oníbàárà kan délé, ó gbọn orí, ó rí nǹkan funfun, ó padà wá pariwo lọ́jà. Láti ìgbà náà, bí Hamdalah bá fẹ́ fún Màmá Promise lówó, orí àga ló ń gbé e sí. Obìnrin náà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ti fún un ní gbèdéke: bí ara rẹ̀ kò bá mọ́ kó tó di Iléyá, kó kó àga rẹ̀ kúrò.

Iléyá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni onídìrí Igando ń ṣiṣẹ́ tó ń jẹ títí di Kérésì.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rò ó. Oríkèé mẹ́rin, ìpara mẹ́rin. Ara kan náà, oúnjẹ kan náà, wàhálà kan náà. Níbo ni èèyàn ti fẹ́ fi oògùn wé oògùn tí yóò mọ́ ju báyìí lọ? Mo ṣàlàyé fún un, mo ní èyí tó bá borí la ó fi pa gbogbo ibi tó kù. Ó gbà. Ó ní kí òun ṣáà má pàdánù àga òun.

Ike funfun mẹ́rin, ọgọ́ta gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Èmi nìkan ni mo mọ orúkọ wọn. Ike kìíní, fún ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, ni Ọ̀gágun: sitẹ́rọ́ìdì tó lágbára. Ó ń yára dé, ó ń yára ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ nílùú, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìlú jẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí. Ìgbọ̀nwọ́ òsì gba Alákọ̀wé, ìbátan fítámì D. Ó wọ́n, ó lọ́ra, kì í bínú. Orúnkún ọ̀tún gba Ọ̀dà, ọ̀dà èédú, oògùn àwọn baba ńlá iṣẹ́ wa. Ó ń rùn. Orúnkún òsì gba Jẹ́jẹ́ — fasilíìnì lásán, ká lè rí ohun tí a ó fi díwọ̀n àwọn mẹ́ta yòókù.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ni yóò máa kó wọn sí. Ó ní bí òun bá kó wọn lọ ilé, àwọn àbúrò òun á fi pa búrẹ́dì.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Gbénga ọkọ mi béèrè ohun tí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun ń wá ní yàrá àyẹ̀wò. Mo ní ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ó ní, kéèkì ọjọ́ ìbí òun ńkọ́?

Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọn àwọn ike láti mọ bó ṣe ń lò wọ́n. Ike kìíní: gíráàmù 53. Ìkejì: 53. Ìkẹta: 52. Ìkẹrin: 54. Ọmọ yìí ń lo oògùn bí ẹni tó kàwé rẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gágun ti gba ìpẹ́ orí. Alákọ̀wé ṣì ń tún gègé rẹ̀ ṣe. Ọ̀dà ti dá wàhálà sílẹ̀: oníbàárà kan jókòó sáàárín orúnkún Hamdalah, ó fínmú, ó dìde, ó ní, "Ta ló ń ṣe títì níbí?" Òmíràn ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jàre, òórùn náà dùn mọ́ òun, ó jọ ti ọkọ òun. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀.

Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Ike kìíní: 46. Ó péye.

Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti tẹ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Ṣùgbọ́n awọ àyíká rẹ̀ ti pupa ju ìyókù apá lọ. Mo fi hàn án, mo ní àmì ìkìlọ̀ lèyí, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a ó dá Ọ̀gágun dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àtíbàbà ló ti rí i, wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́ òun ti di ti òyìnbó. Kódà Màmá Promise fi ìka kàn án. Ó béèrè pé èwo nínú ike mẹ́rin náà ni. Hamdalah sọ fún un.

Mo ní kò sí aburú níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin náà fọwọ́ kàn án láti oṣù mélòó kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìtẹ̀síwájú.

Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Aláìsàn mẹ́ta. Mo fi ọ̀sán tún àtẹ ìwọ̀n àwọn ike mi yà, mo fi pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́rin kùn ún. Ó rẹwà.

Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ike kìíní: 51.

Mo tún un wọ̀n. 51. Mo nu abẹ́ rẹ̀, mo nu òṣùwọ̀n. 51. Ó yẹ kó jẹ́ 39. Mo gbé páálí ṣúgà ìdajì kílò lé òṣùwọ̀n: ìdajì kílò gééré. Òṣùwọ̀n kò purọ́. Ike mẹ́ta yòókù péye.

Nọ́ọ̀sì mi, Matilda, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ṣèèṣì sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Kólòbó opó Sáréfátì! Dókítà, òróró tí kì í gbẹ!" Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi díẹ̀ kan iwájú orí òun. Mo ní sitẹ́rọ́ìdì ni. Ó ní Ọlọ́run kò kọ sitẹ́rọ́ìdì.

Iṣẹ́ ìyanu kọ́, nítorí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti ń padà sí bó ṣe wà. Oògùn ń pọ̀ sí i, àìsàn náà ń pọ̀ sí i.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Bóyá Ọ̀gágun ti mọ́ ọn lára. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oògùn mọ́ni lára kò ní kí oògùn máa sanra.

Gbénga ní mo ń wọn ike yìí ju bí mo ṣe ń wọn ara mi lọ.

Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án

63. Ó ti ju ohun tí mo fún un níjọ́ kìíní lọ.

Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti padà pátá, ìpẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Níwájú ike kìíní nínú àtẹ, mo kọ "kò ṣiṣẹ́". Ó dùn mí láti kọ ọ́. Mo ní kí Hamdalah má lò ó mọ́. Alákọ̀wé, ẹ wò ó, èyí tó ń lọ́ra yẹn, ti mú ìgbọ̀nwọ́ òsì dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀dà náà ń gbìyànjú, àmọ́ ó ti lé oníbàárà méjì lọ. Jẹ́jẹ́ rọ ìpẹ́ lásán, bí mo ṣe rò.

Mo bi Hamdalah léèrè bóyá ẹnìkan ń fọwọ́ kan ike kìíní. Ó gbójú sókè, ó wo fáànù.

"Kò sẹ́ni kankan, Mà."

Fáànù náà kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí èèyàn fi ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ló sunkún. Màmá Promise ti rí onídìrí mìíràn láti Abúlé Ẹ̀gbá. Ọmọbìnrin náà ti gbé àpótí tirẹ̀ wá, ó ti fi wọn àyè láti mọ̀ bóyá yóò gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìborùn lójú àti gíláàsì dúdú lórí ìborùn. Kò kí mi. Ó gbá tábìlì. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ ní kì í ràn! Ọmọ yín ti kó o ràn mí! Èmi Màmá Promise! Mo sọ, mo sọ fún gbogbo Igando, wọ́n ní mo le jù!"

Ó tú ìborùn. Kókó wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n bí ata, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń dán. Ọrùn dúdú, etí dúdú, ojú nìkan ló pupa. Kò sí ìpẹ́ kankan. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní ṣì í mọ̀. Ojú Ọ̀gágun ni.

Mo bi í léèrè ìpara tó ń lò. Ó ní fasilíìnì lásán. Mo ní kò dà bíi fasilíìnì lásán. Ó ní fasilíìnì àti àánú Ọlọ́run. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ẹ̀sùn kan aláìsàn. A máa ń béèrè, a ó dákẹ́, a ó tún béèrè. Nígbà kẹta, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin náà rí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, Dókítà. Ó ń dán gbinrin."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo ń dá a padà o! Wọn ò bí mi ní olè. Bí mo bá ti bu ṣíbí kan, mo ń fi fasilíìnì ọjà mi dí i. Mo tún ń fi èènì sí i!"

Èènì. Gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ìyanu, èènì ọlọ́jà ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wọn ìwà ọmọlúàbí olè.

Mo ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń bu oògùn tó ń fi fasilíìnì dí i ni Ọ̀gágun ń tán nínú ike, títí òun fúnra rẹ̀ fi ń jí fasilíìnì ara rẹ̀ padà. Ojú tí Ọ̀gágun ti mọ́ lára wá ṣọ̀tẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti kó gbogbo ọmọ ogun tán nínú odi, Mà, ogun sì wọlé."

Ó ronú. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé ó ràn mí?"

"Oògùn kì í fò jáde nínú ike. Ẹ̀yin lẹ rìn lọ bá a."

Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní n kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn síta. Mo kọ ìtọ́jú fún un, mo ní yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má sì fi ìpara kankan kan ojú. Ó dúpẹ́ gan-an. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ọmọ yẹn á ṣì kó àga ẹ̀ ṣá. Oníbàárà mi ń sá."

Ẹtì, 4 Oṣù Kẹwàá

Aláìsàn méjì. Ọ̀kan ń jí oògùn ìkejì. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni n kò gbọdọ̀ sọ fún. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, kò sí olùkọ́ tó dárúkọ àtíbàbà.

Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo fún Hamdalah ní Alákọ̀wé fún oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè ló ṣẹ́gun ẹni tó ń bá a díje. Ṣùgbọ́n kò ní mọ́ kí Iléyá tó dé. Alákọ̀wé kì í sáré.

Mo ní kó da ike kìíní nù. N kò sọ ìdí, òun náà kò béèrè. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ mi ná, Mà." Mo gbà. Fasilíìnì kì í pani.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

N kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo lè jókòó. Ní Àbámẹ́ta, ọjà á kún. Màá lọ jókòó sáàárín orúnkún Hamdalah níwájú gbogbo ayé, kí ó di irun mi. Bí ó bá ń ràn, ṣé oníṣègùn awọ ara á gbé orí tirẹ̀ síbẹ̀?

Mo sọ fún Gbénga. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dé wíìgì, nítorí orí mi kò gba òòyà. Ó ní kí n mú páńkáṣífù dání.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Aago mẹ́wàá, Igando. Mo bọ́ wíìgì sínú báàgì, mo jókòó sórí àpótí. Hamdalah ní, "Dókítà! Ẹ̀yin?" Mo ní kó di ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ fún mi. Òun nìkan ni orúkọ tí mo rántí.

Ó fa ti àkọ́kọ́. Mo rí ìyá mi tó ti kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní èmi ni Dókítà Ọdẹ́tọ́lá, awọ ara ni iṣẹ́ mi, ohun tó ń ṣe ọmọ yìí kì í ràn. Ṣùgbọ́n orí mi wà ní ìdojúdé, ilẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé fún. Etí mi ọ̀tún fara ti orúnkún ọ̀tún, níbi tí òórùn Ọ̀dà kò tíì kúrò. Èmi ni mo po oògùn náà, n kò lè ráhùn.

Mo ń gbọ́ wọn lókè orí mi.

"Wọ́n ní dókítà wà níbí. Èwo ni?"

"Òun tó ń sunkún yẹn."

"Dókítà ń sunkún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gún wa lábẹ́rẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Màmá Promise níwájú àtíbàbà, ó ń ti abẹ́ ìborùn jáde. "Hamdalah, tó o bá ti parí orí Dókítà, kó àga ẹ. Ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá ti dé." Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ wò ó, Mà, orí mi ló wà níbí." Ó ní, "Orí yín kì í ṣe orí oníbàárà. Bí nǹkan bá ṣe yín, oògùn wà nílé yín. Tiwa ńkọ́?"

Òótọ́ ni. N kò ronú kàn án.

Ọwọ́ Hamdalah kan kúrò lórí mi. Mo gbọ́ ìró kan, kò, bí nǹkan kékeré ṣe ń bà lórí pákó. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. N kò lè gbé orí, ó ti so mí mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kejì ní ibi mẹ́jọ.

Ohùn Màmá Promise padà wá, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó o. Dókítà fúnra wọn ló jókòó síbí. Kì í ràn. Ta ló sọ pé ó ń ràn? Ìwọ, gbé àpótí ẹ, máa lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ tò, ẹ tò, ká má dá ara wa dúró!"

Kí aago méjì tó lù, èèyàn méje ti tò. Hamdalah ń bẹ lórí àga rẹ̀. Mo dé ilé, mo wo ara mi nínú dígí, mo ní: orí yìí gba àga kan là. Kò sí ìwé tí mo kọ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Ojú mi kò pa dé. Gbénga ní mo jọ ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí létí.

Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni Iléyá. Hamdalah yọjú kíá, oníbàárà ń dúró dè é. Orí mẹ́tàlélógún láàárín ọjọ́ méjì. Ìgbọ̀nwọ́ òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Ó gbé e lé tábìlì mi láìbò ó.

Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ orí mi.

Ó mú ike kìíní jáde, ó gbé e lé tábìlì. Kò.

Mo mọ ìró yẹn.

Ó ní òun ti ń rí i láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ojú ìka tó tóbi ju tòun lọ nínú ike. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní, "Tí mo bá sọ, Mà, wọ́n á ní adẹ́tẹ̀ ń purọ́ mọ́ ọ̀gá ẹ̀. Ẹni tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ó wá ń ki ìka bọ inú ike tí ìka mi ń wọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́! Mo ní kó máa bù ú. Ọjọ́ tí màá nílò ẹ̀ ń bọ̀." Ó wá sọ ohun tó ṣe ní Àbámẹ́ta: kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó ṣí ìdérí, ó gbé ike sórí àga níwájú gbogbo èèyàn, ó wo ìborùn ojú Màmá Promise, ó wo inú ike, ó sì tún wo ìborùn.

Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, "Ṣé Màmá Promise wá bá yín níbí ni, Mà?"

Mo gbójú sókè, mo wo fáànù. Kò tíì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ó ní ó ti yé òun. Ó dìde. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí mi. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá dirun o, Mà. Inú mi dùn sí i. Ẹ má tú u kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo wọn ike kìíní fún ìgbà ìkẹyìn: 63. Mo ṣí àtẹ. Níwájú rẹ̀, "kò ṣiṣẹ́", pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa. Mo fa ìlà gba inú rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí màá kọ sí ipò rẹ̀.